Fóònù Ọwọ́ Wa àti Ìsọ̀ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a bá ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa sọ ní ìpàdé, ní ìlú Jọ́ọ̀sì)

Iṣẹ́ tí ẹ rán wa ni pé kí a wá sọ bí fóònù àti WhatsApp ti ń yí ọ̀nà tí a ń gbà bá oníbàárà sọ̀rọ̀ padà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé àwa tí a dìde dúró gbọ́n ju ẹ̀yin tí ẹ jókòó lọ. Wọ́n ti fi fóònù lu àwa náà ní jìbìtì rí, a ó sì sọ ọ́.

Nígbà tí àwọn bàbá wa gòkè wá síhìn-ín láti Ògbómọ̀ṣọ́, láti Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn, nígbà tí iṣẹ́ kùsà ń pe ènìyàn, tí ọkọ̀ ojú irin kékeré láti Zaria sì dé Bukuru ní ọdún 1914, lẹ́tà ni wọ́n fi ń ṣòwò. Wọn a bẹ akọ̀wé kí ó bá wọn kọ ọ́, wọn a fi rán ẹni tí ń relé. Bí ọ̀ràn bá le, wọn a tẹ wáyà. Lẹ́tà a máa pẹ́, ṣùgbọ́n ojúlùmọ̀ ni ẹni tí ó mú un wá. Bí ó bá purọ́, a mọ agbo ilé rẹ̀. Ohun tí ó jẹ́ kí ọjà àwìn ti Ìbàdàn dé Jọ́ọ̀sì láìsí ìwé àdéhùn nìyẹn.

Ọdún 2001 ni fóònù alágbèéká tí gbogbo wa ń lò bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà. WhatsApp dé sí ayé ní 2009. Ẹ wo ohun tí ó ti ṣe. Ẹni tí ń ra pòtétò ní Bokkos àti Mangu, afọ́jú ni ó jẹ́ tẹ́lẹ̀ rí. A di ẹrù sínú lọ́rì, a forí lé Èkó, kí a tó dé Mile 12 ọjà ti wó, pòtétò sì ti ń jẹrà nínú àpò. Lónìí, àwòrán pòtétò náà ti dé Èkó kí a tó ran ẹnu àpò, oníbàárà á sì dá iye tí yóò san. Aláṣọ yóò ya àwòrán aṣọ mẹ́wàá láàárọ̀, ẹni tí ó wà ní Pankshin yóò sì mú èyí tí ó wù ú láìwọ ọkọ̀.

Èyí tí ó dùn mọ́ wa jù ni ti àwọn ìyá wa tí kò mọ ìwé. Wọn á tẹ fóònù, wọn á fi Yorùbá sọ tẹnu wọn sí Èkó, wọn á fi Hausa dá oníbàárà lóhùn, ó tán. Láyé lẹ́tà, akọ̀wé ni ó mọ gbèsè gbogbo àdúgbò! Àṣírí wọn padà sọ́wọ́ wọn báyìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí owó náírà wọ́n gógó nítorí pé ìjọba ń pààrọ̀ 200, 500 àti 1000, ẹni tí kò gba owó láti báǹkì sí báǹkì rí, ó di dandan fún un. Àsìkò náà ni tiwa ṣẹlẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan dé lẹ́bàá alẹ́, a ti ń palẹ̀ mọ́, ọkọ̀ rẹ̀ ń dúró. Àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé sórí fóònù wa, iye owó pé, orúkọ báǹkì wà níbẹ̀. A dúpẹ́, a bá a gbé ẹrù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò sí kọ́bọ̀ nínú àkáǹtì. Ẹ̀yin ènìyàn wa, àtẹ̀jíṣẹ́ kì í ṣe owó. Ọ̀rọ̀ lásán ni, ẹnikẹ́ni lè kọ ọ́ ránṣẹ́. Àwòrán tí oníbàárà sì ń nà sí yín lójú fóònù tirẹ̀, ọmọdé lè ṣe é. Inú àkáǹtì tiyín ni kí ẹ wò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò bá sí, kí ẹrù dúró. Oníbàárà yóò bínú. Ẹ jẹ́ kí ó bínú.

Olè mìíràn yóò ní kí ẹ ka nọ́ńbà mẹ́fà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún òun. Bí ẹ bá kà á, WhatsApp yín ti di tirẹ̀, orúkọ yín ni yóò sì fi tọrọ owó lọ́wọ́ àwọn oníbàárà yín. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá kọ̀wé pé nọ́ńbà àkáǹtì òun ti yí padà, ẹ pè é. Ẹ̀rọ tí ń sín ohùn ènìyàn jẹ pàápàá ti dé. Ẹ bi í ní ohun tí ẹ̀yin méjèèjì nìkan mọ̀.

Ó ku ọ̀kan, èyí ni ó sì ń bà wá lẹ́rù jù ní ìlú tiwa. Nínú ìjà 2010, àtẹ̀jíṣẹ́ wà lára ohun tí ó tan ìbínú ká Jọ́ọ̀sì. A ti rí ìsọ̀ tí a tì nítorí ọ̀rọ̀ tí kò ṣẹlẹ̀, tí kábééjì sì jẹrà sínú ọkọ̀. A kò ní kí ẹnikẹ́ni dijú sí ewu. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀ ní Terminus, ẹ pe ẹni tí ó wà ní Terminus kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Ojú ìwé WhatsApp ẹgbẹ́ yìí, iye ọjà, ìkíni àti ìkéde ìpàdé ni kí a máa rí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìpàdé, àwọn ọ̀dọ́ wa yóò jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn láti bá ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi nọ́ńbà àṣírí kejì sí WhatsApp rẹ̀. Ẹni tí ó ni fóònù ni kí ó fúnra rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ìyá tí ó bá sì jẹ́ pé ọmọ rẹ̀ nìkan ni ó mọ nọ́ńbà àṣírí owó rẹ̀ ní báǹkì, kí ó yí i padà kí ó tó lọ sílé.