Farney: Ilẹ̀ Tí Wọ́n Pín Lẹ́yìn Àwọn Tó Ń Gbé Orí Rẹ̀

   Ẹ fi gbohùngbohùn yín sétí dáadáa, ọ̀nà wa jìn díẹ̀ lónìí.

Fídíò bọ́ọ̀lù kan ló fa ọ̀rọ̀ yìí. Mò ń wá ariwo èrò pápá ìṣeré tí mo fẹ́ lò nínú iṣẹ́ kan, ni mo bá bọ́ sórí àwọn ará Monaghan. Káúńtì kan ni, ní Orílẹ̀-èdè Olómìnira Ireland, lẹ́bàá ààlà Northern Ireland. Bọ́ọ̀lù tiwọn yàtọ̀ sí tiwa: wọ́n ń fi ẹsẹ̀ gbá a, wọ́n tún ń fi ọwọ́ gbé e. Àwọn tó ń ti ẹgbẹ́ náà lẹ́yìn ń pe ara wọn ní Farney Army, ọmọ ogun Farney. Mo ní, kí ló ń jẹ́ Farney? Mo ṣí máàpù orí fóònù mi, mi ò rí ààlà kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wádìí ẹ̀, mo rí i pé kò ní alága, kò ní ọ́fíìsì, kò ní sítáǹbù. Síbẹ̀ odidi káúńtì ń fi pariwo. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí ẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ bí wọ́n ṣe ń pín ilẹ̀ níbẹ̀. Ireland ní ẹkùn ńlá 4. Abẹ́ ẹkùn ni káúńtì wà, gbogbo wọn jẹ́ 32. Abẹ́ káúńtì ni ohun tí wọ́n ń pè ní barony. Lẹ́yìn ìyẹn ni paríìṣì, kó tó wá kan èyí tó kéré jù, townland. Townland kì í ṣe ìlú o, bí orúkọ ẹ̀ tilẹ̀ jọ ọ́. Ó lè jẹ́ òkè kan, pápá díẹ̀ àti ilé mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n ó ní orúkọ, ó sì ní ààlà. Odò kékeré tàbí kòtò ló sábà máa ń jẹ́ ààlà náà. Irú ẹ̀ lé ní 60,000 káàkiri Ireland.

Barony márùn-ún ló wà ní Monaghan. Farney ló wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lápá gúúsù, Carrickmacross sì ni ìlú ọjà ibẹ̀. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Fearnmhaigh lorúkọ ẹ̀ lédè Irish: pẹ̀tẹ́lẹ̀ igi alder, igi kan tó fẹ́ràn ilẹ̀ olómi. Ẹni tó bá rí ibẹ̀ á mọ ìdí ẹ̀: òkè kéékèèké ló tò lọ bí ebè iṣu, adágún omi àti àbàtà sì wà láàárín wọn.

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó rọ́wọ́ mú níbẹ̀, ìdílé MacMahon ló ń jẹ olórí ní Monaghan. Àwọn náà ti ní ètò ilẹ̀ tiwọn. Ballybetagh ni ìpín ńlá. Wọ́n á pín in sí ọ̀nà 16, wọ́n á sì pe ìkọ̀ọ̀kan ní tate. Púpọ̀ nínú townland tó wà ní Monaghan lónìí, tate àtijọ́ ni wọ́n. Torí náà, kì í ṣe igbó tí kò lólúwa làwọn Gẹ̀ẹ́sì bá. Wọ́n kàn mú ilẹ̀ tó ti wà lábẹ́ olóyè kan tẹ́lẹ̀, wọ́n ní barony ni, kí wọ́n lè rí i kọ sínú ìwé, kí wọ́n sì lè rí owó gbà lórí ẹ̀.

Ní 1576, Ọbabìnrin Elizabeth Kìíní gbé Farney fún Walter Devereux, Earl of Essex. Odidi barony, nǹkan bí 67,000 éékà! Ọkùnrin náà kú ní Dublin lọ́dún yẹn gan-an. Ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ọmọ ẹ̀, Robert, ẹni tí ọbabìnrin yìí kan náà ní kí wọ́n bẹ́ lórí ní 1601. Ṣùgbọ́n àwọn MacMahon ò kúrò. Wọ́n di ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lórí ilẹ̀ baba ara wọn. Ní 1590, ìjọba pa Hugh Roe MacMahon, olórí ìdílé náà, ní Monaghan. Lọ́dún kejì, wọ́n pín ìyókù káúńtì náà. Farney ò sí nínú ìpín yẹn, torí pé lórí ìwé, ó ti ní olówó ẹ̀.

Lórí ìwé. Ẹ bá mi fi ìyẹn sọ́kàn.

Earl kẹta kú ní 1646 láìní ọmọ tó máa jogún ẹ̀. Ogún bá bọ́ sí ẹ̀ka àbúrò ẹ̀ obìnrin méjì, Frances àti Dorothy. Nígbà tó di àwọn ọdún 1690, wọ́n la Farney sí méjì. Ìdílé Shirley, ìran Dorothy, mú apá ìwọ̀ oòrùn. Ìdílé Thynne, tí olórí wọn wá ń jẹ́ Marquess of Bath, mú apá ìlà oòrùn. Inú ẹbí làwọn yẹn ti pín ogún, England sì ni ilé wọn. Àwọn tó ń ro ilẹ̀ náà ò sí níbi ìpàdé. Wọ́n kàn gbọ́ ẹni tí wọ́n á máa sanwó fún ni.

Láti 1824, àwọn sójà bẹ̀rẹ̀ sí í ya máàpù gbogbo Ireland, íǹṣì mẹ́fà fún máìlì kan, kí owó orí lè dọ́gba láti townland kan sí èkejì. John O'Donovan, ọ̀mọ̀wé èdè Irish, ń bá wọn wádìí orúkọ ilẹ̀ káàkiri. Ó ń tọ ipa ọ̀rọ̀ Irish tó wà nínú orúkọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n bí Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń kọ ọ́ ló bọ́ sórí máàpù. Ìró orúkọ kù, ìtumọ̀ rá mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú.

Ní 1841, èèyàn tó lé ní 40,000 ló ń gbé Farney. Ní 1843, Alexander Mitchell, ajẹ́lẹ̀ tó ń gba owó ilẹ̀ fún Shirley, kú lójijì. Ẹni tó gba ipò ẹ̀, William Steuart Trench, kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1868 pé nígbà tí wọ́n gbọ́ ikú ẹ̀, wọ́n dáná ayọ̀ lórí àwọn òkè. Ẹ wo bí ìyà ti gbọ́dọ̀ pọ̀ tó, kí èèyàn kú kí àdúgbò máa dáná ayọ̀. Èrò rọ̀gbà yí Trench náà ká, wọ́n ní kó dín owó ilẹ̀ kù. Ọdún méjì lẹ́yìn ẹ̀, ọ̀dùnkún jẹrà nínú ilẹ̀, ìyàn ńlá dé. Shirley sanwó ọkọ̀ ojú omi fún ọ̀pọ̀ ìdílé láti kó lọ sókè òkun. Ó ṣàánú, ó sì tún dín èrò orí ilẹ̀ kù. Ẹ̀yin náà ẹ gbé e wò.

Òfin 1898 gba iṣẹ́ lọ́wọ́ barony. Òfin ilẹ̀ ti 1903 sì jẹ́ kí àwọn àgbẹ̀ lè yá owó lọ́wọ́ ìjọba, kí wọ́n fi ra oko tí wọ́n ń ro. Iṣẹ́ ìwé tán. Orúkọ ò tán.

Ní 1904, wọ́n bí akéwì Patrick Kavanagh sí townland kan tó ń jẹ́ Mucker, ní Inniskeen, nínú Farney. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ ló wà nídìí orúkọ yẹn. Nínú ewì ẹ̀ kan, Epic, ó sọ ìjà ààlà láàárín aládùúgbò méjì lórí ilẹ̀ tó kéré gan-an, nígbà tí ogun ń rùn bọ̀ ní Yúróòpù. Ohun tó fi yé wa ni pé ìjà ilẹ̀ kékeré yẹn ò kéré.

Láti 2015, ilé kọ̀ọ̀kan ní Ireland ti ní kóòdù tirẹ̀. Ti agbègbè Carrickmacross bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A81. Ó wúlò, ẹni tó ń gbé ẹrù bọ̀ kò ní ṣìnà. Ṣùgbọ́n A81 ò lè sọ fún yín pé igi alder wà níbẹ̀ rí.

Ohun tí mo rí kọ́ nìyẹn. Ọbabìnrin fi Farney tọrẹ, ẹbí Essex jogún ẹ̀, ìdílé méjì là á sí méjì, sójà yà á sórí máàpù, ìjọba sì pa barony tì. Àwọn tó dúró sórí ilẹ̀ náà, tí wọ́n ń pe orúkọ ẹ̀ lójoojúmọ́, àwọn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ṣì ń pè é ní pápá bọ́ọ̀lù, fatafata.

Ó tán lẹ́nu mi. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan tó fẹ́ràn máàpù. Ká tún pàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó dàbọ̀ o.