Ariwo Inú Ilé: Ṣé Ìyá Nìkan Ló Ni Ín?



Kí òmìnira ọdún 1960 tó dé ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ní Ìkẹjà. Láti ìgbà náà ni òṣìṣẹ́ ti ń gba yàrá sí Agége àti Ògbà, nínú ilé tí yàrá mẹ́wàá dojú kọ ara wọn, tí gbogbo ayálégbé sì ń lo ilé ìdáná kan.

Ẹ wo ìyá kan nínú irú ilé bẹ́ẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé láàárọ̀, oorun ló ń wá. Ọmọ mẹ́rin jí lórí ẹní kan náà. Ọ̀kan ń wá ìbọ̀sẹ̀, èkejì ti da ẹ̀kọ sílẹ̀, àbíkẹ́yìn ń ké, kẹ́ẹ̀gì gbẹ, aládùúgbò sì ń kan ilẹ̀kùn pé ariwo pọ̀. Bí ìyá yìí bá jágbe, a ó ní ó le jù. Bí ó bá dákẹ́, a ó ní kò kọ́ ọmọ. Wọ́n a máa ní ọmọ tó dára ni ti bàbá, èyí tí kò dára ni ti ìyá. Èmi kò fara mọ́ ọn.

Nígbà tí Dunlop dá ṣíṣe táyà dúró ní Ìkẹjà ní ọdún 2008, ọ̀pọ̀ bàbá ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ọjà tí ìyá ń tà ni wọ́n ń jẹ. Síbẹ̀, bí ìyá bá ti ọjà dé, òun náà la ń retí pé kó dáná.

Wọ́n bi Aishat (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i) léèrè ohun tí Ànábì (SAW) máa ń ṣe nínú ilé. Ó ní a máa bá ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, bí àkókò ìrun bá tó, a jáde lọ. Bukhari gbà á wá. Olórí ìlú Mẹ̀dínà ni o! Ànábì kan náà a máa gé ìrun kúrú bí ó bá gbọ́ igbe ọmọ, nítorí ìnira ọkàn ìyá rẹ̀. Ní mọ́sáláṣí tiwa ńkọ́? Ṣe ni a ń wẹ̀yìn wo ìyá ọmọ bí ẹni tó dẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́kùnrin gan-an ni mo wá bá. Ta ló ní omi pípọn kì í ṣe iṣẹ́ ọkùnrin? Ẹlòmíràn ń ké Kùránì lẹ́nu ọ̀nà, ìyá rẹ̀ sì ń ru garawa kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ pọn omi lálẹ́. Ẹ kó ìwé àti bàtà àwọn àbúrò yín sójú kan kí wọ́n tó sùn. Ẹ mú wọn lọ sí ilé-kéwú, ìyá yóò rí wákàtí kan sinmi.

Ẹ̀yin ìyá, pàṣán òwúrọ̀ yẹn, àìsùn ló ń fi lu ọmọ nígbà mìíràn, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ. Ẹ pe bàbá wọn sí i, ẹ má dá a gbé.

Bí ẹ bá délé lónìí, ẹ wo inú kẹ́ẹ̀gì kí ẹ tó béèrè oúnjẹ.