Owó Ìtanràn Ojú Pópó: Ààbò Ẹ̀mí ni Àbí Owó Ìjọba?

Owó ìtanràn ojú pópó ni owó tí òfin bù lé awakọ̀ tàbí ọlọ́kadà tó bá rú òfin ìrìnnà. Ó yàtọ̀ sí owó-orí, ó sì yàtọ̀ sí owó oníbodè. Owó oníbodè, irú èyí tí wọ́n ń gbà ní Diho lẹ́bàá Savè lọ́nà Parakou ní orílẹ̀-èdè Benin, gbogbo awakọ̀ tó bá kọjá ló ń san án, ẹlẹ́ṣẹ̀ àti aláìlẹ́ṣẹ̀, ìdí tí wọ́n sì fi ń gbà á kò fara sin: kí wọ́n lè fi tún ọ̀nà ṣe ni. Owó ìtanràn ní tirẹ̀, ẹni tó ṣẹ̀ nìkan ló yẹ kó san án, kí ó má bàa dán irú rẹ̀ wò mọ́. Bí ète yìí bá ṣẹ, owó náà yóò máa dín kù lọ́dọọdún. Ìjọba tó bá ń retí pé kí ó pọ̀ sí i ní ọdún tó ń bọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ ló ń retí kó pọ̀ sí i. Níbẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ilẹ̀ Bantè ní Benin ṣe àpẹẹrẹ: ọ̀nà ńlá tó gba ibẹ̀ kọjá ni RNIE 3. Ó yà kúrò lára ọ̀nà Cotonou sí Parakou ní Dassa-Zoumè, ó gba Savalou, Gouka, Bantè àti Pira lọ sí Bassila, Djougou àti Natitingou, títí dé Porga ní ẹnubodè Burkina Faso. Ọ̀nà kan ṣoṣo yìí ni tírélà, tàsí tó kó èrò ọjà, alùpùpù àgbẹ̀ àti ọmọ ilé-ìwé tó ń fẹsẹ̀ rìn jọ ń lò. Nígbà tí kajú bá dé, láti oṣù Kejì títí wọ oṣù Karùn-ún, wọ́n máa ń di àpò kajú méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn alùpùpù kan. Àpò náà á yọ sí ọ̀tún àti òsì débi pé ọkọ̀ tó bá fẹ́ yà á sílẹ̀ ní láti bọ́ sí apá kejì ọ̀nà. Bí ilẹ̀ bá sì ti ṣú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò ní iná ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2023, ní Dassa-Zoumè níbi tí ọ̀nà méjèèjì ti pàdé, ọkọ̀ akérò ńlá kan àti ọkọ̀ ẹrù forí sọra, iná sọ, ènìyàn tó lé ní 20 sì bá a lọ. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ ìtanràn ní agbègbè yìí, ọ̀rọ̀ òkú àti alààyè ló ń sọ.

Àwọn ohun tó ń pa ènìyàn lójú pópó kò pọ̀ jù, àwọn onímọ̀ sì ti wọ̀n wọ́n. Ìròyìn tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2023 sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ló kú lójú pópó káàkiri ayé ní ọdún 2021, pé ilẹ̀ Áfíríkà ni iye ikú yìí ti ga jù bí wọ́n bá fi iye ènìyàn wọ̀n ọ́n, àti pé ìjàǹbá ojú pópó ló ń pa ọmọdé àti ọ̀dọ́ láti ọdún 5 dé 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ. Eré àsápajúdé ló ṣáájú nínú ohun tó ń fà á. Bí eré ọkọ̀ bá fi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ewu ìjàǹbá tó ń pani á fi nǹkan bí ìdá mẹ́rin lé sí i. Ọtí náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àpọ̀jù ẹrù, táyà tó ti jẹ tán, àti orí tí kò dé akoto. Akoto tó dára, tí okùn rẹ̀ so dáadáa lábẹ́ àgbọ̀n, ń dín ewu ikú kù fún ọlọ́kadà ní ìdá 42 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì ń dín ọgbẹ́ orí kù ní ìdá 69. Ìwé ọkọ̀ kò sí nínú ohun tó ń pani. Lóòótọ́, ìwé adójútòfò ló ń sanwó ilé-ìwòsàn fún ẹni tí ọkọ̀ gbá, ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀ sì yẹ kó jẹ́ ẹ̀rí pé bíréèkì ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìwé ló rọrùn jù láti yẹ̀ wò. Ọlọ́pàá tó bá dúró sábẹ́ igi lè fọwọ́ gbà á. Láti mọ eré tí ọkọ̀ ń sá, ó ní láti ní ẹ̀rọ, kí ó sì dúró níbi tí oòrùn ti ń pa á.

Èyí ni bí àyẹ̀wò ṣe máa ń lọ. Tàsí tí wọ́n ṣe fún ènìyàn márùn-ún kó mẹ́sàn-án: mẹ́rin níwájú pẹ̀lú awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn, ọmọ kan lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀. Ewúrẹ́ méjì wà nínú búùtù. Táyà ọ̀tún iwájú ti jẹ títí okùn inú rẹ̀ fi ń yọjú. Ọlọ́pàá dá a dúró. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó kó ìwé dání, ẹgbẹ̀rún kan sẹ́fà sì wà láàárín ìwé náà. Kò pé ìṣẹ́jú méjì tó fi padà. Ọkọ̀ gbéra, ènìyàn mẹ́sàn-án náà wà nínú rẹ̀, táyà náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Bí owó yẹn bá tilẹ̀ wọ àpò ìjọba, tí wọ́n já ìwé ẹ̀rí ìsanwó fún un, kò yí ohunkóhun padà nípa ewu tó ń bọ̀ wá bá àwọn tó wà ní Gouka tàbí Pira. Awakọ̀ ti ra àyè láti máa lọ ni, kò sì sí ohun tó jẹ́ kí ó ronú pé kí òun kó èrò díẹ̀ lọ́la.

Òfin tó mọ ìyàtọ̀ láàárín gbígba owó àti mímú ewu kúrò wà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2005, àjọ ìṣọ̀kan ọrọ̀-ajé àti owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, UEMOA, tí orílẹ̀-èdè Benin àti Togo wà nínú rẹ̀, ṣe òfin kan lórí ìwọ̀n ẹrù ọkọ̀ ńlá, nọ́ńbà rẹ̀ sì ni 14/2005. Ọkọ̀ tó bá kọjá ìwọ̀n yóò san 20,000 sẹ́fà lórí tọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan tó fi lé bí ìrìnàjò rẹ̀ kò bá kọjá ẹnubodè. Bí ó bá ń ti orílẹ̀-èdè kan bọ́ sí òmíràn, 60,000 ni. Èyí tó wúlò jù nínú òfin náà ni pé ìsanwó nìkan kò tó: wọ́n gbọ́dọ̀ já ẹrù tó lé náà sílẹ̀, lórí owó ọlọ́kọ̀, kí ọkọ̀ tó lè kúrò níbẹ̀. Níbi tí wọ́n bá ti pa á mọ́, ewu kúrò lójú ọ̀nà, títì náà kò sì ní tètè fọ́. Níbi tí wọ́n bá gba owó tán tí wọ́n jẹ́ kí ẹrù máa lọ, òfin ààbò ti di owó oníbodè.

Ọ̀rọ̀ akoto fara jọ ọ́. Láti àárín àwọn ọdún 2010 ni ìjọba Benin ti múra sí i pé kí gbogbo ọlọ́kadà máa dé e, ó sì so èso: ní Cotonou, àti dé àwọn ìlú ìgbèríko, akoto wọ́pọ̀ lórí àwọn tó ń wa sẹ́míjàn, ìyẹn ọ̀kadà akérò, ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹ̀rù ìtanràn àti ẹ̀rù pé wọ́n lè gba alùpùpù lọ́wọ́ wọn ló fà á ju ìkìlọ̀ lọ, ó sì yẹ kí àwọn tó ń sọ pé ìtanràn kò wúlò rárá gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n a rí ọlọ́kadà tó ń fi akoto kọ́ ọwọ́ alùpùpù, tí yóò dé e bí ó bá ti rí ọlọ́pàá lókèèrè, láìso okùn rẹ̀, tí yóò sì ṣí i bí ó bá ti kọjá. Ìyàwó àti ọmọ tó gbé sẹ́yìn kò ní nǹkankan lórí ju gèlè lọ. Irú akoto bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá ló wà fún.

Nǹkan mìíràn wà tí àwọn aráàlú kì í fẹ́ gbọ́: ìtanràn tí wọ́n fi ń wá owó náà lè gba ẹ̀mí là. Michael Makowsky àti Thomas Stratmann, onímọ̀ ọrọ̀-ajé méjì, ṣèwádìí ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Amẹ́ríkà. Ìwé wọn ti ọdún 2009 fi hàn pé ìlú tí owó bá há mọ́ máa ń bu ìtanràn léni jù, pàápàá fún awakọ̀ tí kì í ṣe ará ìlú náà, tí kò sì ní dìbò níbẹ̀. Ìwé wọn ti ọdún 2011 fi hàn pé níbi tí ìtanràn ti pọ̀ sí i, ìjàǹbá dín kù. Ní ilẹ̀ Faransé, kámẹ́rà tó ń mú eré bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2003. Àwọn tó kú lójú pópó níbẹ̀ lé ní 7,000 ní ọdún 2002. Ní ọdún 2010 wọn kò pé 4,000 mọ́, kámẹ́rà sì kó ipa pàtàkì nínú rẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn afẹ̀hónúhàn tí wọ́n ń pè ní ẹlẹ́wù òfeefèé dìde ní ìparí ọdún 2018, wọ́n ba nǹkan bí ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún kámẹ́rà náà jẹ́, nítorí wọ́n gbà pé owó-orí tó fara sin ni. Ohun tó ń gba ẹ̀mí là gan-an ni wọ́n fọ́, torí pé ìgbẹ́kẹ̀lé ti tán.

Ní Nàìjíríà, ilé-ẹjọ́ ni ìjà náà gbé dé. Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ fún àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1988, ìtọ́jú ẹ̀mí sì ni wọ́n torí rẹ̀ dá a. Ní ọdún 2014, Adájọ́ James Tsoho ti ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Èkó dájọ́ pé àjọ náà kò lágbára láti bu ìtanràn léni fúnra rẹ̀, pé iṣẹ́ adájọ́ ni. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà fún àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò. Àwọn adájọ́ yìí kò sọ pé kí awakọ̀ máa sá eré ìparun. Wọ́n ní ẹni tó mú ẹlẹ́ṣẹ̀ kò gbọdọ̀ tún jẹ́ ẹni tó dá a lẹ́jọ́, tó sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀.

Yàtọ̀ sí ààbò àti àpò ìjọba, ọ̀nà kẹta kan wà tí owó náà ń gbà, òun ló burú jù: àpò ẹni tó dúró lójú ọ̀nà. Owó bẹ́ẹ̀ kò tún títì ṣe, kò dín eré kù, ìjọba kò sì rí i. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí wọ́n bá sáà fi kún owó oṣù ọlọ́pàá, yóò tán. Ní Ghana, ìjọba sọ owó oṣù ọlọ́pàá di ìlọ́po méjì ní ọdún 2010. Jeremy Foltz àti Kweku Opoku-Agyemang wo àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń gba ibẹ̀ kọjá, wọ́n sì rí i pé ṣe ni àwọn ọlọ́pàá túbọ̀ ń tiraka láti gbowó, iye tí wọ́n ń gbà sì lọ sókè. Ohun tó lè dá a dúró ni kí owó má kan ọwọ́ rárá: kí ọlọ́pàá kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀, kí ẹni tó ṣẹ̀ lọ san án ní báǹkì tàbí lórí fóònù, kí nọ́ńbà ìwé náà wà níbi tí ọ̀gá lè yẹ̀ ẹ́ wò.

Ìwọ̀n owó náà tún ṣe pàtàkì. Iye kan náà tó jẹ́ owó àárọ̀ fún ẹni tó ni ọkọ̀ jíìpù lè gba oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan lẹ́nu ìdílé ẹni tó ń wa sẹ́míjàn. Finland ń fi owó tó ń wọlé féni wọ̀n ọ́n: ní ọdún 2023, olówó kan tó sá eré kìlómítà 82 níbi tí 50 ti jẹ́ òpin san 121,000 yúrò. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń fi àmì sórí ìwé ìwakọ̀, ẹni tó bá kó àmì 12 láàárín ọdún mẹ́ta kò ní wakọ̀ fún ìgbà kan, owó yòówù kí ó ní. Ìjìyà àmì bẹ́ẹ̀ kò mú owó púpọ̀ wọlé, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè fura pé owó ni wọ́n fi ń wá.

Bí ará Bantè tàbí Savalou bá fẹ́ mọ èyí tí ìtanràn ìlú rẹ̀ jẹ́, kí ó wo ibi tí ọlọ́pàá dúró sí: ṣé lẹ́bàá ilé-ìwé àti ọjà ni, àbí níbi tí ọkọ̀ ti ń rọra lọ fúnra rẹ̀? Ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹjọ tí Savalou ń ṣọdún iṣu, ṣé ẹni tó mutí yó ni wọ́n ń dá dúró, àbí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé? Bí ọkọ̀ bá kúrò níbi àyẹ̀wò, ṣé ewu ti bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀? Lójú àwọn ìbéèrè yìí, púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbà lójú ọ̀nà náà kò tíì jẹ́ ìtanràn ààbò.

Àwọn èrò náà ní ipa tiwọn. Ní Kenya, James Habyarimana àti William Jack lẹ ìwé pẹlẹbẹ mọ́ inú ọkọ̀ akérò, tó ń rọ èrò pé kí wọ́n bá awakọ̀ tó ń sá eré wí. Ìwádìí wọn ti ọdún 2011 fi hàn pé ẹjọ́ ìjàǹbá tí àwọn ọkọ̀ náà gbé lọ bá ilé-iṣẹ́ adójútòfò fi ìdajì dín kù, ó tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ná. Kí ìgbìmọ̀ ìlú Bantè àti ti Savalou máa lẹ iye ìtanràn tí wọ́n gbà lóṣooṣù, irú ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n gbà á fún, àti iye ẹni tó kú lójú ọ̀nà wọn, mọ́ ara ògiri ilé ìlú, kí àwọn tó ń wọ tàsí lọ sí Pira sì máa sọ fún awakọ̀ pé kí ó rọra, kí ọlọ́pàá tó sọ ọ́.