Kí A Tó Pè É Ní Àbílù

 

Ẹ̀bi ara mi ni n ó fi bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan mú ọmọkùnrin rẹ̀, ọmọ ọdún 19, wá bá mi. Agbèrò ni ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kò sùn mọ́, ó ń bá ẹni tí a kò rí sọ̀rọ̀. Ìyá rẹ̀ ní àbílù ni. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀. A ṣe ètùtù, a sè ewé, ṣùgbọ́n n kò bi ọmọ náà ní ohun tí ó ń mu. Oṣù méjì kọjá kí ó tó jẹ́wọ́ pé Colorado ni òun ń fà, tírámádọ́ọ̀lù ni òun sì fi ń ti ara ṣiṣẹ́.

Irú rẹ̀ pọ̀. Ìwádìí ìjọba àpapọ̀ àti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi hàn pé ní ọdún 2017, ó tó mílíọ̀nù 14.3 ènìyàn tí ó lo igbó tàbí oògùn olóró mìíràn ní Nàìjíríà.

Ọ̀rọ̀ yìí sì wọ ilé tiwa. Ní gáréèjì, àwọn kan ń rẹ igbó sínú ògógóró, wọ́n ń pè é ní àgbo. Bí àwa tí a mọ ewé bá dákẹ́, ta ni yóò sọ̀rọ̀?

Kí a má sì rò pé ọ̀tá wa ni ilé ìwòsàn. Láti ọdún 1954, ní Aro, l'Ábẹ́òkúta, Dókítà Adéoyè Lambo fi àwọn aláìsàn sí abúlé àyíká pẹ̀lú ẹbí wọn, ó sì pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ kí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ibẹ̀ ni mo mú ọmọ náà lọ nígbẹ̀yìn. Ó padà sídìí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, a kò lé e. Lónìí, ó ń kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín. Kí a tó rúbọ fún ọ̀dọ́ tí ọkàn rẹ̀ dàrú, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í ní ohun tí ó ń mu. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ta àgbo tí kò lè dárúkọ ewé inú rẹ̀. Kí olúkúlùkù oníṣẹ́ ọwọ́ gba ọmọ kan tí kò ní alágbàtọ́ sọ́dọ̀.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìṣẹ̀ṣe làgbà. Àṣẹ.