Gbòǹgbò Iboga àti Ọmọ Tí Tramadol Ti Di Bárakú Fún

Ìyá kan tó ń ta ata ní Dantokpa bi mí pé: "Àǹtí nọ́ọ̀sì, wọ́n ní gbòǹgbò kan wà láti Gabon tó ń gba ọmọ lọ́wọ́ tramadol. Ṣé kí n rà á fún ọmọ mi?"

Iboga ni wọ́n ń pe gbòǹgbò yẹn. Àwọn Babongo àti Mitsogo nínú igbó Gabon ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Wọ́n máa ń jẹ èèpo rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba èèyàn wọlé sínú ẹ̀sìn Bwiti. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ á máa rí ìran. Àmọ́ àgbà tó mọ̀ ọ́n ló ń fún un, wọn kì í sì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan.

Ní 1901, àwọn onímọ̀ ará Faransé yọ oje agbára inú rẹ̀, wọ́n pè é ní ibogaine. Ní 1962, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Amẹ́ríkà, Howard Lotsof, ọmọ ọdún 19, tí heroin ti di bárakú fún, tọ́ ọ wò. Nígbà tí ojú rẹ̀ wálẹ̀, heroin ò wù ú mọ́, ara ò sì ro ó. Òun ló polongo rẹ̀ títí ó fi kú ní 2010. Ibẹ̀ ni òkìkí náà ti wá.

Òkìkí náà kì í ṣe irọ́ pátápátá o, ṣùgbọ́n ó kù síbì kan. Ibogaine lè da lílù ọkàn rú, àwọn kan sì ti bá a kú. Tí ọkàn ọmọ bá ti ní àbùkù, tàbí tí oògùn mìíràn bá ṣì wà lára rẹ̀, ewu náà tún pọ̀ sí i. Ojú lásán ò lè rí èyí, ẹ̀rọ ilé ìwòsàn ló ń fi hàn. Faransé ti fòfin dè é láti 2007.

Nítorí náà, ìyá mi, ẹ má rà á. Ẹ má sì ti ọmọ mọ́lé pé kó dá tramadol dúró lójijì. Gìrì lè gbé e. Ẹ mú un lọ rí dókítà. Ní Cotonou níbí, ilé ìwòsàn ọpọlọ wà ní Jacquot. Tó bá ti jẹ gbòǹgbò náà, tí àyà rẹ̀ ń já tàbí tó dákú, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ mú èyí tó kù dání.

Ẹ má tìjú. Àìsàn ni bárakú, ó sì ní ìtọ́jú.