Ijó sọ àjèjì di ọ̀rẹ́ létí òkun Senegal



Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2020, oníjó 38 láti orílẹ̀èdè 14 nílẹ̀ Áfíríkà kóra jọ sí Toubab Dialaw, abúlé kan létí òkun ní Senegal.

Ilé ẹ̀kọ́ ijó École des Sables, tí Germaine Acogny, ọmọ bíbí orílẹ̀èdè Benin, àti ọkọ rẹ̀ dá sílẹ̀, ló gbà wọ́n lálejò.

Èdè abínibí wọn yàtọ̀ síra, àmọ́ ijó kan náà ni gbogbo wọn wá kọ́: The Rite of Spring, iṣẹ́ Pina Bausch, ará Jámánì.

Ó ku díẹ̀ kí wọ́n jó o fáwọn èèyàn ní Dakar ni àrùn Kòrónà dé, tí wọ́n sì fagi lé e.

Kí kálukú tó gba ilé lọ, wọ́n jó o lórí iyanrìn etíkun nírọ̀lẹ́, wọ́n sì ká a sínú fídíò.

Ogún ọmọdé kì í ṣeré gba ogún ọdún. Síbẹ̀, lọ́dún 2021, wọ́n tún pàdé, wọ́n sì gbé ijó náà lọ sí Yúróòpù.

Bí ẹ bá dé ìlú àjèjì, ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń jó. Bẹ́nu ò bá gbọ́ èdè ibẹ̀, ẹsẹ̀ lè wá ọ̀rẹ́ fún yín.