Àárẹ̀ Kì í Ṣe Ìwà Ọ̀lẹ

(Ọ̀rọ̀ fún kíkà ní yàrá ìkàwé ní Ìlaró, Ayétòrò àti àwọn ìletò agbègbè Yewa)

Kò sí ọmọ Yewa kan tí a kò fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tọ́ dàgbà. Láti kékeré ni a ti ń kọ́ ọmọ pé iṣẹ́ kì í pa ènìyàn, ìṣẹ́ ní í pa ni. Ọ̀rọ̀ àgbà ni, ó sì bá ẹni tí ó fẹ́ràn oorun òwúrọ̀ wí gidigidi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ ni ọ̀rọ̀ òní wà fún. Akíkanjú ni ó wà fún: àgbẹ̀ tí kì í ti oko dé kí ilẹ̀ tó ṣú, ìyá ọlọ́jà tí ó ń kó gàrí láti Ọjà-Ọ̀dàn lọ sí Ìdí-Ìrókò, olùkọ́ tí ó ń kọ́ni lọ́sàn-án tí ó tún ń wá owó mìíràn lálẹ́, àti akẹ́kọ̀ọ́ tí gbogbo ẹbí gbójú lé. Àwọn wọ̀nyí ni àárẹ̀ máa ń ká mọ́ láìfura, nítorí pé wọn kò gbà pé ó tọ́ sí wọn láti sinmi.

Àpẹẹrẹ tí ó hàn gbangba jùlọ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò ti òkè òkun wá. Abẹ́òkúta ni ó ti wá, ìlú tí ọkọ̀ tí ó bá gbéra ní Ayétòrò ní ìdájí yóò dé kí oòrùn tó mú. Ní ọdún 1954 ni Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ bíbí Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá rẹ̀ lórí ìtọ́jú àrùn ọpọlọ ní Àró. Ní apá ìparí àwọn ọdún náà, oníṣègùn ọpọlọ kan láti Kánádà, Raymond Prince, wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi ṣe àkíyèsí pé irú aláìsàn kan ń wá léraléra. Kì í ṣe wèrè ni wọ́n. Ọ̀dọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n, ohun tí wọ́n sì ń sọ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀kan náà: orí ń gbóná, tàbí ohun kan ń rìn nínú agbárí bí èèrà, ojú ń ṣú nígbà tí a bá ṣí ìwé, a lè ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mẹta kí ó má yé ni, ohun tí a sì kà lánàá ti fò lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ti fún un ní orúkọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ń pè é ní “brain fag”, èyí tí í ṣe àárẹ̀ ọpọlọ. Ní ọdún 1960 ni Prince kọ̀wé nípa rẹ̀ fún àwọn oníṣègùn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, láti ìgbà náà sì ni àwọn oníṣègùn káàkiri ayé ti ń so orúkọ náà mọ́ Nàìjíríà. Bẹ́ẹ̀ sì ni, àwọn tí ó tọ pinpin ìtàn ọ̀rọ̀ náà rí i pé àwọn ará Bíríténì ti ń lo orúkọ yìí kan náà fún àárẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ tiwọn ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó ṣáájú. Àìsàn aláwọ̀ dúdú nìkan kọ́.

Kí ni ó fà á tí ó fi pọ̀ láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa nígbà náà? Kí ó tó yé ni, ó yẹ kí a rántí irú àkókò tí ó jẹ́. Ní oṣù January 1955 ni Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 sí nǹkan bí 811,000 ní ọdún 1955. Ṣùgbọ́n ilé ìwé gíga kò pọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ ọ̀fẹ́. Ọmọ kan péré ni ọ̀pọ̀ ẹbí lè rán lọ. Kòkó ọdún náà bá a lọ, owó obì bá a lọ, nígbà mìíràn ilẹ̀ tí a fi dógò bá a lọ pẹ̀lú. Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá jókòó ti ìwé rẹ̀ lóru, kì í ṣe òun nìkan ni ó jókòó. Bàbá rẹ̀ jókòó tì í, àwọn àbúrò tí yóò rán ní ilé ìwé jókòó tì í, ẹni tí ó yá ẹbí lówó náà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan. Prince rí èyí: púpọ̀ nínú àwọn tí ó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ wá láti inú ilé tí òbí kò ti mọ̀wé, tí ìrètí gbogbo agbo ilé sì wà ní èjìká ọmọ kan. Ìgbà tí ìdánwò bá sì ń súnmọ́lé ni àìsàn náà máa ń le sí i.

Ní ọdún 1980, Mórákínyò, oníṣègùn ọpọlọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, tún tọ́ka sí ohun kan tí ó kan agbègbè yìí gbọ̀ngbọ̀n. Ó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí àárẹ̀ ọpọlọ mú kì í sùn tó, àti pé wọ́n ń lo ohun tí kì í jẹ́ kí ojú kún. Ta ni kò mọ obì nílẹ̀ Yewa? Ohun àlejò ni, ohun ìgbéyàwó ni, ohun ìpè òrìṣà ni. Ṣùgbọ́n obì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń jẹ lóru kí ó má baà sùn kò san oorun náà padà. Ó kàn sún un síwájú ni, bí gbèsè tí èlé ń gorí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kọfí líle, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn oògùn tí awakọ̀ àti ọ̀dọ́ ń rà ní gáréèjì lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn. Wọ̀nyí tilẹ̀ burú ju obì lọ.

Ohun tí ó mú kí ọ̀ràn náà le ju bí ó ti yẹ lọ ni bí àwọn ará ilé ti máa ń gbà á. Àwọn kan yóò ní ọmọ náà ti di ọ̀lẹ, ó ti dé ìlú ńlá, ìgbádùn ti gbà á lọ́kàn. Àwọn mìíràn yóò ní àwọn ọ̀tá ni ó di ìwé mọ́ ọn lórí. Wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí ná owó tí kò sí, láti ọ̀dọ̀ ẹni kan dé ọ̀dọ̀ ẹnìkejì. Èrò méjèèjì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ibì kan náà ni wọ́n já sí. Ẹni tí a pè ní ọ̀lẹ yóò fi kún iṣẹ́ rẹ̀ kí a má baà rí i bú. Ẹni tí a sọ fún pé ayé ń bá a jà kò ní lè sùn mọ́ rárá. Kò sí ẹni tí ó bi ọmọ náà léèrè pé: wákàtí mélòó ni o sùn lánàá?

Àwọn àgbàlagbà náà ní tiwọn. Ní ọdún 1974, Herbert Freudenberger, onímọ̀ nípa ìwà àti èrò ọkàn ní New York, kọ̀wé nípa àwọn òṣìṣẹ́ tí ó ń fi ìfẹ́ ọkàn tọ́jú àwọn aláìní ní ilé ìwòsàn ọ̀fẹ́. Àwọn tí ìtara wọn pọ̀ jùlọ ni wọ́n ń rẹ̀wẹ̀sì bí fìtílà tí epo ti tán nínú rẹ̀, tí òwú wá ń jó ara rẹ̀. Ní ọdún 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe àlàyé ohun tí a fi ń mọ̀ ọ́n: agbára yóò tán nínú ènìyàn, ọkàn rẹ̀ yóò kúrò nínú iṣẹ́ rẹ̀ tàbí kí ó kórìíra rẹ̀, iṣẹ́ náà kò sì ní dára lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Àjọ náà kò pè é ní àrùn. Ó ní láti inú wàhálà iṣẹ́ tí a kò ṣètò dáadáa ni ó ti ń wá. Olùkọ́ tí ó ti fẹ́ràn ọmọ tẹ́lẹ̀ tí ó wá ń jágbe mọ́ wọn láti òwúrọ̀, ìyá ọlọ́jà tí ó ń ṣìrò owó lẹ́ẹ̀mẹrin tí kò bára mu, àwọn wọ̀nyí ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kí àjọ kankan tó sọ ọ́.

Kò sì mọ sí orí nìkan. Ní ọdún 2021, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti Àjọ Àgbáyé fún Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ jùmọ̀ sọ pé ikú nǹkan bí 745,000 ènìyàn ní ọdún 2016, nípa àrùn rọpárọsẹ̀ àti àrùn ọkàn, jẹ mọ́ iṣẹ́ àṣejù. Ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọ̀sẹ̀ kan, ewu rọpárọsẹ̀ rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá 35 nínú 100 ju ti ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 35 sí 40 lọ. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wọn obìnrin tí ó jí ní aago márùn-ún òwúrọ̀ tí kò jókòó títí di aago mẹ́jọ alẹ́. Wákàtí 15 nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́rin péré ti mú un dé 60, ọ̀sẹ̀ kò sì tíì parí.

Àwọn baba ńlá kò ní ìwé oníṣègùn, ṣùgbọ́n wọ́n ní òǹkà ọjọ́. Ọ̀pọ̀ olùsìn òrìṣà kì í gbé ọkọ́ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ rẹ̀. Ọjà ọrọọrún ń mú kí àgbẹ̀ kúrò lóko, kí ó wẹ̀, kí ó wọ aṣọ tí ó mọ́, kí ó sì rí ojú àwọn ẹlòmíràn. Lẹ́yìn ìkórè ni Gẹ̀lẹ̀dẹ́ máa ń jáde láàrin àwọn ará Kétu àti Yewa. Ijó àti ẹ̀fẹ̀ tí a ń fi bu ọlá fún àwọn ìyá ni, àjọ UNESCO sì kéde rẹ̀ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ọmọ ènìyàn, ó sì wọ inú ìwé ogún àgbáyé wọn ní ọdún 2008. Ẹni tí ó bá wò ó dáadáa yóò rí i pé ìsinmi wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: àkókò tí a yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀rín, tí ẹnikẹ́ni kò lè torí rẹ̀ pe ẹnìkejì ní ọ̀lẹ. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Jímọ̀ àti ọjọ́ Ìsinmi dé. Àwọn tí ó ń lọ sí oko tàbí tí ó ń ṣí ìsọ̀ ní ọjọ́ méjèèjì yìí, tí wọn kò sì fi ọjọ́ mìíràn rọ́pò wọn, wọ́n ti ju ohun tí gbogbo ẹ̀sìn àti àṣà fẹnu kò lé lórí nù.

Ìjọba náà fi òfin sí i. Láti ọdún 1974 ni òfin iṣẹ́ Nàìjíríà ti ní kí òṣìṣẹ́ tí ó bá ń ṣe wákàtí mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́ ní ìsinmi tí kò dín ní wákàtí kan, kí ó ní odidi ọjọ́ kan nínú ọjọ́ méje, kí ó sì gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀, lẹ́yìn oṣù méjìlá. Òfin yìí wà fún ẹni tí a gbà síṣẹ́. Àgbẹ̀ àti ọlọ́jà ni ọ̀gá ara wọn, ó sì ṣeni láàánú pé kò sí ọ̀gá tí ó le bí ẹni tí ń ṣe ọ̀gá fún ara rẹ̀.

Nínú ilé, ọ̀ràn àwọn ìyá ló nílò àtúnṣe jùlọ. Baálé tí ó dé láti oko tí ó na ẹsẹ̀ lábẹ́ igi ti sinmi. Ìyàwó rẹ̀ tí ó jọ bá a ti oko dé ń pọn omi, ó ń dáná, ó ń wẹ ọmọ. A kò lè pe èyí ní ilé tí ó sinmi. Bí àwọn ọmọkùnrin bá pọn omi, tí baálé fúnra rẹ̀ sì gbé ọmọ, kò sí oyè tí ó bọ́ lórí rẹ̀. Ní ti oorun, ó kéré tán wákàtí méje ni àwọn oníṣègùn ní kí àgbàlagbà máa sùn lóru. Ọmọ ilé ìwé nílò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹbí tí ó ní ọmọ ní ilé ìwé gíga ní Ayétòrò tàbí ní Yewa College ní Ìlaró, kí wọ́n yé bi í léèrè ipò tí ó mú nìkan. Kí wọ́n jẹ́ kí ó mọ̀ pé bí ó bá fìdí rẹmi, ilé ṣì jẹ́ ilé rẹ̀. Gbólóhùn yẹn nìkan ti dá oorun padà sí ojú ọ̀pọ̀ ọmọ.

Bí àìsùn, orí gbígbóná tàbí ìbànújẹ́ bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì láìdẹwọ́, tàbí tí ẹnìkan bá ń sọ pé ayé sú òun, ọ̀dọ̀ oníṣègùn ni kí a mú un lọ ní kíá, kí ó má sì dá lọ. Lámbò, tí ó padà di igbákejì olùdarí àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé láti ọdún 1973 sí 1988, kò ti àwọn aláìsàn rẹ̀ mọ́ inú ògiri nìkan ní Àró. Ó gbà wọ́n láyè láti gbé láàrin àwọn ará abúlé tí ó yí ilé ìwòsàn ká. Olúkúlùkù wọn ní ìbátan kan tí ó bá a wá, ìyá tàbí ẹ̀gbọ́n, tí ó ń se oúnjẹ fún un tí ó sì ń mú un dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn. Lẹ́yìn ìtọ́jú, ẹni tí ó bá lè ṣe é yóò bá àwọn ará abúlé lọ sí oko fún ìwọ̀nba wákàtí, wọn yóò sì padà wá jókòó sí ìta nígbà tí oòrùn bá rọ̀.